Ta Ló Rí I? Lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Ẹbútẹ́ Mẹ́tà,
Èkó.

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ò tíì lé ọ wálé? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Gààrí tí o béèrè ti wà nínú àpò, ọ̀la ni yóò gbé e fún onímọ́tò ní Jibówù.

Mo rí ìtàn ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì tí wọ́n ní kí o ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, mo sì rí àwòrán tí o yà, èyí tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ń dùn ọ́, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ. O ní, "Dádì, Èkó ni wọ́n bí mi sí, ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní Èkó?" Ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. O mọ Èkó débi pé ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ ṣáá nínú àwòrán yẹn, ìtàn ò ráyè sọ tirẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo tẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá dojú dé orí tábìlì, mo mú pẹ́ńsù, mo ní kí ìyá rẹ máa ka ìtàn náà sókè. Ibi tó bá ti kan pé ẹnì kan yà, tó gòkè, tó gbọ́ ìró kan tàbí tí ẹsẹ̀ ń ro ó, màá ní kó dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní, "Ṣé ìtàn là ń kà ni àbí owó àjọ?" Ẹ̀ẹ̀mejì la kà á tán kí n tó fa ìlà kan ṣoṣo.

Wo ilé ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì yẹn. O yà á sí ìwọ̀-oòrùn afárá, o sì fi àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àjọkẹ́, ilé ìyá àgbà rẹ lo yà! Àtẹ̀gùn tí o ti ṣubú tí eyín rẹ fi kán nìyẹn, kò sí nínú ìtàn rárá. Ohun tí ìtàn sọ ni pé nígbà tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí ẹsẹ̀ afárá láàárọ̀, oòrùn ń ta á lẹ́yìn ọrùn. Ìlà-oòrùn ni oòrùn àárọ̀ ti ń yọ. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí nìyẹn, ilé tó ti ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìlà-oòrùn afárá. Ní ojú ìwé kẹta, nígbà tó ń padà sílé nírọ̀lẹ́, wọ́n ní oòrùn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé ni. Ìyá rẹ ló rẹ́rìn-ín: "Bàbá Àjọkẹ́, ṣé kò tíì yíjú padà ni?" Ó ti yíjú padà lóòótọ́, oòrùn náà sì ti bọ́ sí òdìkejì. Gbólóhùn méjì péré ló ṣí ilé yẹn nídìí.

Ẹ wá wo afárá. "Third Mainland" lo kọ sí i lára. Níbo ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀? Ìtàn ò dárúkọ afárá kankan. Ṣùgbọ́n oníbàárà san ṣílè, owó tí à ń ná kí náírà tó dé, fún ọmọ náà, orí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára owó náà. Má sọ fún mi pé àwọn èèyàn ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè lẹ́yìn náà, mo mọ̀, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí orí ọbabìnrin lára kọ́bọ̀. Ọdún 1973 ni náírà dé, 1990 ni wọ́n ṣí Third Mainland. Kò lè jẹ́ òun. Wọ́n tún ní fèrè rélùwéè ń dún láti òdìkejì omi, èyí sì jọ ibùdó rélùwéè Ìddó, a jẹ́ pé afárá Cátà (Carter Bridge), tó ti wà láti 1901, ló sún mọ́ ọn jù. Jíjọ ló jọ ọ́ o. Ohun tí o mọ̀ nípa Èkó lè bá ọ sọ pé "kò lè jẹ́ èyí." Bó bá kan "èyí gan-an ni," ẹnu ìtàn ni kó ti jáde. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ kọ Cátà, má ya èyí tí à ń gùn lónìí, wọ́n ti tún un kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo máa ń bá ọ̀gá kan tó ń wọn ilẹ̀ fa ṣéènì. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Mushin, baba onílẹ̀ sọ fún mi pé kànga wà ní igun ilẹ̀ òun. Òjò ti ṣú, mi ò dé ibẹ̀, mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ta ló rí i?" Mo ní baba onílẹ̀ ló sọ. Ó ní, "Mo ní, ta ló rí i?" Inú ẹrẹ̀ ni mo gbà padà lọ. Inú ọgbà aládùúgbò ni kànga náà wà.

Torí náà, nígbà tí o bá fẹ́ tún un yà, ohun tí ìtàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, fi ìlà gbọọrọ yà á, kí o kọ ojú ìwé àti gbólóhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìwọ bá rò jáde, fi ìlà gígé-gígé yà á. Búrẹ́dì ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó dé ẹsẹ̀ afárá, nítorí náà ilé rẹ̀ kò lè jìnnà. Mélòó ni ó jìnnà tó? Wọn ò sọ. Ìlà gígé-gígé nìyẹn. Ibi tí wọn ò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo mọ̀ pé òfìfo ń rùn sí ọ, láti kékeré lo ti máa ń kun gbogbo ìwé ní kírẹ́yọ́nù.

Ibì kan ṣì dá mi dúró. Ní ojú ìwé kejì, nígbà tó ń lọ, ọwọ́ òsì ló yà níbi ẹ̀rọ omi. Ní ojú ìwé kẹrin, nígbà tó ń bọ̀, ọwọ́ òsì náà ni wọ́n tún ní ó yà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà ló gbà, ọ̀tún ló yẹ kó jẹ́. Ìyá rẹ ní ó gba ọ̀nà mìíràn wálé kó má baà pàdé ẹni tó jẹ ní gbèsè. Mo bi í pé ta ló rí i, ó ní kí n lọ sùn. Mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Tún ojú ìwé kẹrin yẹn kà, kí o pè mí lálẹ́ Sátidé, àmọ́ má pè lásìkò ìròyìn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.