Fílítà tó wà nísàlẹ̀ àti àgbàrá òjò

Sí Olóòtú,

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn tó ń yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ wọn dànù (fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú) sọ̀rọ̀. Àpótí yẹn sábà máa ń ní ihò lábẹ́ tí omi ń gbà jáde. Fílítà oníhòòhò tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ń tì sẹ́yìn bọ́ńpà, nítòsí táyà, kò ní irú ẹ̀ (ariwo rẹ̀ ló wù wọ́n, mo mọ̀). Òjò wínníwínní kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àgbàrá ni kí ẹ sá fún: bí fílítà bá rì sínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fa omi mu. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́: tó bá kún sìlíńdà, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, ọ̀pá písítìn á wọ́. Ẹ gbé fílítà sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì kí omi inú sìlíńdà lè jáde.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì kan