Bọ́lá, ẹ̀yìn mi ń kí ọ

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí, àfi ẹ̀yìn mi tó ní òun ò bá wa ṣe mọ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ.

Mo ti ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí. Tí mo bá dì í, mi ò lè mí kanlẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi sì ń bi mí bóyá ìjàkadì ni mò ń lọ. Mo tún ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní TENS. Nǹkan pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wàá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bíi pílásítà, wàá wá máa yí iná rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kó máa rìn ẹ́ lára bí èèrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo yí i jù, mo fò bí ẹni tí àkeekèé ta! Ká má parọ́, ara máa ń tù mí tó bá wà lára mi. Kí n ṣáà ti yọ ọ́ ni, ìrora ti dé.

Ìgbà tí mo náwó tán ni obìnrin tó ń bá mi na iṣan wá sọ fún mi pé láti ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní àwọn ò dámọ̀ràn bẹ́líìtì tàbí TENS fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ báyìí, pé kéèyàn máa lo ara rẹ̀ ló dáa jù. Ó ní àwa tí ìbàdí ń ro láyé tó mílíọ̀nù 619 lọ́dún 2020. Mo ní kí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́.

Rọ́bà omi gbígbóná nìkan la ò tíì jà. Mò ń fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, ìṣẹ́jú 15 péré, mi ò sì jẹ́ sùn lé e mọ́. Ìwọ náà ṣáà rí àpá yẹn.

Tọ́pẹ́ ti bí obìnrin.

Ọmọ yẹn gan-an ló dá mi lágara ara mi. Ó ń ké lórí ẹní, èmi nìkan ló wà nítòsí, mo kàn dúró tì í, mò ń pariwo pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀ ló bà mí, Bọ́lá. Mo purọ́ pé ọwọ́ mi ò mọ́.

Wọ́n ní kí n máa rìn lójoojúmọ́. Ta ni màá bá rìn? Jọ̀ọ́, máa pè mí láàárọ̀, kí ìwọ máa rìn níbẹ̀, kí èmi máa rìn níbí, 20 ìṣẹ́jú péré. Kò pọn dandan ká sọ̀rọ̀. Bẹ́líìtì tí o ní o fẹ́ rà yẹn, má rà á o, màá fi tèmi ránṣẹ́.

Aago mélòó ló máa rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?

Èmi ni,
Ṣadé