Fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti ojú ogun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí lórí mùsíọ́mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ìrántí ogun abẹ́lé Nàìjíríà àti Biafra.

Ní 1967, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ rélùwéè níhìn-ín l'Óṣogbo, ó lọ ṣe sójà. Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970 kó tó padà wálé. Bí bàbá wa bá bi í léèrè ohun tó rí, á dìde, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó kú, a bá fọ́tò kan nínú àpótí rẹ̀: obìnrin kan jókòó, ọmọ méjì dúró tì í. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nínú wa. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ṣí ibi kan fún mi lórí fóònù, níbi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì South Florida l'Amẹ́ríkà kó ẹ̀rí àwọn ará Asaba jọ sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ará ìlú náà wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe "One Nigeria" láti fi kí sójà ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀. Àwọn sójà ṣa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní Ogbe-Osowa, àdúgbò kan ní Asaba. Mo sunkún títí. Ọkàn mi ń bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi dé ibẹ̀.

Mùsíọ́mù ogun ti wà ní Umuahia láti 1985. Ọkọ̀ ogun, bàálù àti Ogbunigwe, bọ́ǹbù tí àwọn ará Biafra ṣe fúnra wọn, wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló máa wọkọ̀ láti Òṣogbo dé Umuahia? Bí mo bá gbé fọ́tò yìí sí mùsíọ́mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ obìnrin náà lè rí i ní Enugu, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun nìyẹn. Bó bá fẹ́ bú wa, kó bú wa. A ó kà á, a ó sì dá a lóhùn.

Àwọn aládùúgbò mi kan ní kí n má ṣí egbò tó ti jinná. Kò jinná lára ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi kú.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gba ohùn àwọn sójà tiwa náà sílẹ̀, lédè Yorùbá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin báyìí. Fóònù tí àwọn ọmọ wa fi ń ya ijó níbi ọdún Ọ̀ṣun tó o ṣe.

Bí òǹkàwé yín kan bá mọ̀ wọ́n: obìnrin náà di irun kíkó, àbúrò nínú àwọn ọmọ náà sì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.