Kí ìjọ tó ta dùùrù rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí ojú sípíkà padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ dùùrù oníná inú ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa kọ̀wé. Ìjọ á ní ohùn dùùrù àwọn ń gún àwọn létí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ láti ra tuntun. Ó ń dùn wá, torí sípíkà àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n á tún so tuntun mọ́.

Míksà tí wọ́n fi ń wàásù ni ọ̀pọ̀ ń so dùùrù mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n tò ó fún: wọ́n ti gbé ohùn tó wà láàárín 2,000 sí 4,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sókè kí ìwàásù lè já geere. Bí Trumpet tàbí Mixture, àwọn ohùn mímú tí a ń yàn lórí dùùrù, bá gba ibẹ̀ kọjá, àfi kó gún ni létí. Ohùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ á sọnù. C ìsàlẹ̀ pátápátá lórí pẹ́dàlì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ẹ bá fa Bourdon 16 (ohùn ìsàlẹ̀ kan; bí nọ́ńbà ohùn dùùrù bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn náà ń lọ sílẹ̀ tó), kò ju nǹkan bí 33 Hz lọ. Sípíkà íńsì 8 kò lè gbé e.

Ẹ wá sípíkà méjì tó jẹ́ ti dùùrù nìkan, àti subwoofer (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀) íńsì 15 kan. Ẹ gbé sípíkà méjèèjì ga kọjá orí akọrin, kí ẹ kọjú wọn sí ògiri tàbí sí òkè àjà, kí ohùn lu ibẹ̀ kó tó dé etí ìjọ. Àjà PVC fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gbọ̀n; ògiri ló sàn níbẹ̀. Ẹ má da ihò òsì àti ọ̀tún tí ohùn dùùrù ń gbà jáde pọ̀ sórí wáyà kan: wọ́n máa ń pa ohùn ara wọn, dùùrù á wá tín-ín-rín.

Subwoofer ló gba sùúrù jù. Ní igun ilé, ohùn rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n nóòtì kan á dún gbùù, òmíràn á pòórá, torí ìgbì ohùn ń lu ògiri, ó ń padà wá pàdé ara rẹ̀. Kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dàlì lọ́kọ̀ọ̀kan láti C ìsàlẹ̀, kí ẹlòmíràn jókòó síbi tí ìjọ ń jókòó. Ẹ sún subwoofer ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ tún un tẹ̀, títí ohùn àwọn nóòtì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ gíláàsì lúfà àti irin fáànù tó ń gbọ̀n, tí wọ́n ti ń dá dùùrù lẹ́bi rẹ̀.

Bí sípíkà bá ń kùn hùùù, ẹ ki dùùrù àti amplifier bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ má gé wáyà earth láéláé. Ó lè pààyàn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò inú dùùrù. Ẹ pa reverb, ìdún padà tí dùùrù fúnra rẹ̀ ń fi kún ohùn. Ẹ fi Principal 8, ohùn ìpìlẹ̀ dùùrù, nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan gbọ́ ọ láti ìjókòó ẹ̀yìn; lẹ́yìn náà Principal 4, 2, kí Mixture kẹ́yìn, kó sì rọra dún. Àsìkò tí èrò wà níjokòó ni kí ẹ ṣe é, torí ara àti aṣọ ènìyàn máa ń gbé ohùn òkè mì. Bí ilé bá ní kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì, ẹ dá reverb padà díẹ̀díẹ̀. Bí ilé fúnra rẹ̀ bá ń dún padà, ẹ jẹ́ kó wà ní pípa.

Àwa atẹdùùrù kan,
Ìbàdàn