Kí o tó kó wọn lọ sínú igbó lọ yìnbọn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí WhatsApp pé ìwọ lo máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ sínú igbó Coconino ní Sátidé tó ń bọ̀ láti lọ yìnbọn, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé ní Flagstaff fẹ́ bá yín lọ. N ò ní kí o má lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, ọwọ́ rẹ sì ti dúró dáadáa ju tèmi lọ báyìí. Ṣùgbọ́n ibi ìyìnbọn Ben Avery ni mo ti kọ́ ọ. Game and Fish, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó àti ẹja ní ìpínlẹ̀ Arizona níbí, ló ń bójú tó ibẹ̀. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ gíga ló ń gba ọta, ẹni tó ń ṣọ́ ìlà ìyìnbọn sì wà níbẹ̀ tí yóò pariwo pé kí gbogbo yín dáwọ́ dúró kí ẹnikẹ́ni tó lọ wo bébà tó ń yìnbọn sí. Nínú igbó, kò sí olùṣọ́ kankan. Ìwọ tí o kó wọn lọ ni olùṣọ́ wọn, ìwọ náà sì ni olùṣọ́ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé lórí.

Ilẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ará ilé wa tó bá wá kí wa níbí máa ń rí aṣálẹ̀ tó lọ salalu, kò sí ọgbà, kò sí ilé, wọ́n á ní ilẹ̀ ìjọba ni, ohun tó bá wu kálukú ló lè ṣe níbẹ̀. Níbo! Ilẹ̀ tó rí bákan náà láti orí òkè yìí dé orí òkè yẹn lè jẹ́ ti ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣí máàpù BLM kan, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, kí o wo àwọ̀ rẹ̀. Yẹ́lò ni ti BLM, àwọ̀ ewé ni ti Forest Service, àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba àpapọ̀, búlúù ni ti State Trust, ilẹ̀ ìpínlẹ̀, funfun sì jẹ́ ti aládàáni. Lórí yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, a láyè láti yìnbọn, àfi ibi tí wọ́n bá ti kéde pé kò sáyè. Lórí búlúù, èèwọ̀ ni. Ilẹ̀ State Trust wà fún pípa owó fún àwọn iléèwé àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ yìí, kódà ẹni tó fẹ́ lọ ṣe fàájì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kò sí ògiri láàárín wọn. Ọ̀nà eléruku kan ṣoṣo lo máa gbà kọjá, o ti bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ̀, igi tí o sì rí níwájú ni irú èyí tí o fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Kódà àwọ̀ ewé kò tó. Igbó Tonto tó wà lẹ́nu ọ̀nà Mesa níbí, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fòfin de ìbọn yíyìn, nítorí wọ́n ń kọ́ ilé lọ bá igbó. Nítorí náà, pe ọ́fíìsì àwọn rénjà tó ń ṣọ́ igbó ní Fúráìdé, kí o dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an fún wọn. Òfin Forest Service ni pé a kò gbọdọ̀ yìnbọn níbi tí kò bá tó yáàdì 150 sí ilé, ibùdó àgọ́ tàbí ibikíbi tí ènìyàn wà. A kò gbọdọ̀ yìn ín gba orí ọ̀nà kọjá, tàbí gba orí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tàbí sínú ihò àpáta.

Bí o bá ti mọ ibẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí o lo àkókò lé lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ̀yìn ohun tí ẹ ń yìn. Ọta .22 kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé lè rìn ju máìlì kan lọ. Bàbá àgbà rẹ tó ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn, bí wọ́n bá tan fìtílà sínú òkùnkùn tí ojú méjì sì tàn padà, wọn kì í yìn ín bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró títí wọ́n á fi rí ara tó ni ojú náà, wọ́n á sì wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọdẹ mìíràn lè wà nínú igbó kan náà lóru ọjọ́ yẹn. Tìrẹ rọrùn ju tiwọn lọ, ojúmọmọ ni. Wá òkè yẹ̀pẹ̀ tó ga, tó rọ̀, tí kò ní òkúta púpọ̀, kí ọta lè wọlé síbẹ̀ kó má jáde mọ́. Òkúta máa ń ta ọta padà, irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí o tó gbé ìbọn jáde nínú ọkọ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sí ẹ̀yìn òkè náà. Ojú ọ̀nà àwọn tó ń rìn nínú igbó tàbí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, o ò sì ní rí i láti iwájú. Bí o bá rí ojú ọ̀nà, ẹ kó ẹrù yín, ẹ wá ibòmíràn. Má jẹ́ kí ẹni tó ń wo aago rọ̀ ọ́ pé “ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Kí ẹnikẹ́ni má sì yìnbọn sókè. Mo mọ bí àwọn ọmọ ilé wa ṣe máa ń rò ó. Nílé, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yìnbọn sókè láti fi sìn ín, etí wa ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù lásán ló sábà máa ń wà nínú ṣakabùlà tí wọ́n ń yìn níbi òkú. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ, ọta ló wà nínú rẹ̀, ọta tó bá sì lọ sókè gbọ́dọ̀ wálẹ̀ níbì kan. Ní oṣù Júùnù 1999, ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan, Shannon Smith, wà ní ẹ̀yìn ilé wọn ní Phoenix níbí nígbà tí ọta tí ẹnìkan yìn sókè já bọ́ lù ú lórí. Ó kú. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣe òfin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Shannon's Law, tó sọ fífi àìbìkítà yìnbọn láàárín ìlú di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Inú igbó lẹ̀ ń lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọta kò mọ ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí ìlà ìyìnbọn, ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ, ìwọ sì ni. Bí o bá ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí kálukú yọ mágásìnnì, kó ṣí ẹ̀yìn ìbọn kí o fi ojú rẹ rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó gbé e sórí tábìlì kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè yẹ̀pẹ̀ náà, kó wá fi tábìlì sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan tó lè lọ síwájú lọ lẹ bébà tuntun. Bí ẹni yẹn bá ṣì wà níwájú, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, kì báà jẹ́ láti nu awò rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ti yìnbọn pẹ́ ti máa ń dẹwọ́, nítorí wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Gíláàsì lójú, ohun ìbotí létí, títí kan ẹni tó kàn jókòó tó ń wòran. Bíà wà fún ìgbà tí ẹ bá délé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ yẹn. Má gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn ún, ó sì ti ń fẹ́ ya fọ́tò tó máa gbé sórí Instagram. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wọlé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ má ní ìbọn tàbí ọta níkàáwọ́, àfi tó bá wọ inú àwọn ìyàsọ́tọ̀ díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Má sọ pé ìṣẹ́jú kan ni, má sọ pé ìbọn rẹ ni. Ẹni tó dì í mú ti ní i níkàáwọ́ lójú òfin, ẹni tó mọ̀ tó sì gbé e lé e lọ́wọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Fọ́tò tó fẹ́ yà yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kí ó tó lè rán wá síbí, n ò ní jẹ́ kí wọ́n lé e padà nítorí eré Sátidé. Bí ó bá wù ú tọkàntọkàn, kó kọ́kọ́ lọ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú, kó gba ìwé ọdẹ rẹ̀ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà èmi fúnra mi á kọ́ ọ. Ní Sátidé yìí, kó kàn máa bá yín ka ihò ọta lára bébà.

Oṣù Karùn-ún la wà yìí, òjò kò tíì sún mọ́, koríko ti gbẹ, ẹ̀fúùfù ń fẹ́. Iná ló ń bà mí lẹ́rù jù ní àsìkò yìí. Ní oṣù Kẹrin 2017, ní ẹ̀gbẹ́ Green Valley níhà gúúsù Tucson, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà fẹ́ fi han àwọn ènìyàn bóyá akọ ni ìyàwó rẹ̀ máa bí tàbí abo. Ó yìnbọn sí irú ohun ìfojúsùn tó máa ń bú gbàù, tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ mọ́. Iná ran koríko, ó wọ igbó Coronado, ó jó ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 47,000, ó sì fa àdánù tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Ohun tó ń bú gbàù kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù yín rárá. Àwọn olùṣèwádìí Forest Service náà dán ọta wò lọ́tọ̀, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: ọta ìbọn gígùn tó bá lu nǹkan líle máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ gbígbóná tó lè ran koríko gbígbẹ, èyí tó ní irin nínú àti èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ ló sì burú jù. Ra èyí tí òjé wà nínú rẹ̀. Gbé ṣọ́bìrì lọ, gbé omi tó pọ̀ lọ, kí ẹ sì jókòó díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá parí, kí ẹ máa wò bóyá èéfín ń rú. Bí wọ́n bá kéde òfin iná kí Sátidé tó dé, tó sì kan ìbọn, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ wakọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ká jọ lọ sí Ben Avery.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Ìwọ náà ti rí i. Ní ọ̀nà kan tí mo máa ń gbà ní Tonto, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀ tí wọ́n ti yìn di ajẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀, àfọ́kù ìgò ń dán nínú iyanrìn, kòròfo ọta oníke pupa àti ewé sì kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí wọn. Igi saguaro kan, igi ẹlẹ́gùn-ún gíga inú aṣálẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kún fún ihò ọta. Igi yẹn lè lò ju ọdún 50 lọ kí apá kan ṣoṣo tó yọ lára rẹ̀, ó sì lè gbé tó ọdún 150. Òfin Arizona dáàbò bò ó. (Ní 1982, ọkùnrin kan yìnbọn fún ọ̀kan nítòsí Lake Pleasant, apá igi náà já lù ú, ó pa á. N kì í rẹ́rìn-ín òkú, ṣùgbọ́n…) Kò sí saguaro lókè lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín, igi páìnì ló wà níbẹ̀. Ẹ má so bébà mọ́ ọn lára. Ẹ gbé férémù onígi lọ, bébà tàbí irin tí wọ́n dìídì ṣe fún un nìkan ni kí ẹ yìn, bó bá sì jẹ́ irin, kí ẹ jìnnà sí i tó bí ẹni tó ṣe é ṣe wí.

Irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n ti ibi ìyìnbọn pa. Àwọn kan á sọ pé àwọn ti sanwó, wọ́n ò sì purọ́: nípa òfin Pittman-Robertson, tí wọ́n ṣe ní 1937, wọ́n ń gba owó orí 11% lórí ìbọn gígùn àti ọta, 10% lórí ìbọn ìléwọ́, tí owó náà ń lọ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ fún ẹranko igbó, ẹ̀kọ́ ọdẹ àti ibi ìyìnbọn. Ṣùgbọ́n owó orí kì í ṣa kòròfo. Ẹ ṣa tiyín tán, kí ẹ tún ṣa àpò kan nínú ti àwọn tó ṣáájú yín. Bí ẹnìkan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kì í ṣe òun ló da á síbẹ̀, má tún mú un lọ mọ́.

Òjé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọdé. Eruku rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, irun àti aṣọ. Ẹ má fi ọwọ́ ìbọn jẹ chin-chin. Fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú, bọ́ bàtà sí ìta, pààrọ̀ aṣọ, kí o sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé bí ọmọ rẹ bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ ló máa sáré wá dì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé e mú títí wàá fi wẹ̀ tán.

Tí ẹ bá wà lọ́nà, kí ìbọn wà nínú àpótí rẹ̀ ní títì pa, kí ọta wà lọ́tọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ọwọ́ méjèèjì lórí stíárìn, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, má na ọwọ́ sí ohunkóhun kí o tó sọ ọ́ kí wọ́n sì gbà. O ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi títí ó fi sú ọ, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fi orúkọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa padà ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ Fúráìdé, nítorí fóònù lè má ṣiṣẹ́ nínú igbó. Réèkì méjì àti garawa oníke tí ẹ máa fi ṣa kòròfo wà ní gáréèjì mi. Bí ọkọ rẹ bá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kó yà kó wọn.

Èmi ni bàbá rẹ.