Iná kì í jẹ òjé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu kan ní Kétu báyìí ni pé ìdọ̀tí tó kún ẹ̀bá ọ̀nà ṣeé fi dáná dípò igi: kí àwọn tó ń rọ ìkòkò àti àwọn tó ń sun awọ ẹran máa kó o, iná á sì jẹ ẹ́ tán. Iná ń jẹ bébà, ó ń jẹ igi, ó ń jẹ rọ́bà. Kì í jẹ òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti wáyà àtijọ́. Iye òjé tó wọ ààrò ni yóò jáde, apá kan nínú eérú, apá kan nínú èéfín.

Mẹ́kúrì, irin olóró tó ń ṣàn bí omi, ń hó ní 357°C, iná igi lásán sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín ló ń bá lọ. Òjé ní tirẹ̀ ń yọ́ ní 327°C, ṣùgbọ́n kì í hó àfi ní 1749°C, kò sì sí ààrò wa tó ń gbóná dé ibẹ̀. Èyí ló ń tan àwọn tó rò pé òjé á jókòó sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí PVC bá wà nínú iná náà, kò ní jókòó. PVC ni ike tó wà lára wáyà iná àti páìpù omi. Ó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ tó jẹ́ kilọríìnì, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ náà. Iná á tú kilọríìnì yìí sílẹ̀, á mú òjé, wọ́n á di irú iyọ̀ òjé kan tó ń hó ní nǹkan bí 950°C, tí á sì ti máa fò kí ooru tó dé ibẹ̀. Nínú àwọn ohun tí a fi PVC ṣe, wáyà àtijọ́ ló burú jù, torí wọ́n máa ń po òjé mọ́ ike rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kí ooru má bàa bà á jẹ́. Ẹni tó ń sun wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀ ti kó òjé àti ohun tí yóò gbé e fò sínú iná kan ṣoṣo.

Bí èéfín bá ń tutù, òjé á lẹ̀ mọ́ eruku tó kéré débi pé irun orí kan nípọn tó nǹkan bí ọgbọ̀n rẹ̀. Imú kò lè sẹ́ ẹ. Gbogbo wa ń sá fún èéfín dúdú táyà. Èyí tí ojú kò rí ni a dúró tì.

Ọ̀nà láti mọ PVC kò le. Ẹ ju ike sínú ọpọ́n omi: ọ̀rá ọjà á léfòó, PVC á rì. Ìgò omi náà máa ń rì, nítorí náà ẹ fi bàbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹ̀mú di wáyà bàbà tí a ti bó mú, ẹ tì í bọ inú iná gáàsì títí yóò fi pọ́n, tí iná kò sì ní àwọ̀ ewé mọ́. Ẹ gún orí rẹ̀ tó gbóná mọ́ ike náà kí ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú iná. Bí iná bá di aláwọ̀ ewé, kilọríìnì wà níbẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ kẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Eérú ńkọ́? Ti igi lásán dára fún ebè ẹ̀fọ́ gbọ̀mọ̀ àti fún ọṣẹ. Ti wáyà, bátìrì tàbí òpó igi iná tí wọ́n kì lóògùn kòkòrò (ásẹ́níkì, májèlé kan, máa ń wà nínú òmíràn) kò gbọdọ̀ dé oko. Ní ìlú tí a ti ń gbe omi òjò orí páànù mu bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ eruku èéfín kúrò lórí òrùlé ná kí ẹ tó darí omi sínú àgbá.

Bátìrì ọkọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ga jù. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì fún òjé. Kí ilé mẹ́rì fún wa ní ibì kan tí a lè kó bátìrì àti wáyà sí, lábẹ́ òrùlé, lórí sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n sì fún àwọn tó ń wá bàbà ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó wáyà.

Òǹkàwé yín,
Kétu