Lẹ́tà Ìparí Sáà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Wa, Iléṣà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà àsìkò yìí. Ìdánwò sáà yìí ti parí, èsì sì wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí ná.

Ọmọ kan wà ní ọdún kejì tó máa ń ṣáájú kíláàsì rẹ̀. Ní sáà yìí, máàkì rẹ̀ já wálẹ̀. Ibi tí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni oorun ti ń gbé e lọ. Àwọn kan ní ó ti ya ọ̀lẹ. Mo pè é sí ọ́fíìsì mi, mo rí i pé apá yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì tutù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Alaalẹ́ ló ń fọ̀ ọ́, bí kò bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù. Láti aago mẹ́rin ìdájí ló sì ti ń bá màmá rẹ̀ po àkàrà títà. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ní, "Ẹ̀bà àná, mà," ó sì yára fi kún un pé òun yó. Ojú ló ń ti ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ kò ti jẹ́ kí àwọn tó ń ti ilé wá rímú mí. Àmọ́ ìdánwò àjọ Nursing and Midwifery Council, tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ yege kó tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ yìí, kì í béèrè bóyá èèyàn jẹun.

Owó nìkan kọ́ o. Ọmọ kan wà tí fóònù rẹ̀ ju tèmi lọ, tó sì ń gbòdo. Kò fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì rárá. Torí kó lè kọjá sí Ìlú Ọba ni wọ́n ṣe tì í wọlé. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Ní ti owó ilé-ìwé, àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa a tà láwìn, wọn a sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi dé. A ò ní bá yín ṣe ìyẹn. Ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé ni kí ẹ wá bá akápò sọ̀rọ̀, kì í ṣe àárọ̀ ìdánwò.

Ọmọ tó bá ti iṣẹ́ òru dé, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ má rán an lọ sí Ọjà Atákúnmọ́sà. Bí ìnáwó ẹbí bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ bá wa yọ̀ǹda rẹ̀.

A kọ ọjọ́ ìwọlé sí ẹ̀yìn ìwé èsì. Yúnífọ́ọ̀mù méjì ni kí olúkúlùkù mú wá. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní èkejì. Olùkọ́ kan ló rán an fún un, ó ní kí n má dárúkọ òun.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé